Charles Colcock Jones: Oníwàásù Tí Ó Ní Ẹrú

Nígbà tí èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ ti jẹ́ lónìí, kì í ṣe ìtàn ìgbésí-ayé òyìnbó kankan ni mo bá lọ sí ilé-ìkàwé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé orúkọ Jones. Àlọ́ Ìjàpá ni mo ń wá. Olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé àwọn ènìyàn dúdú kan wà ní etíkun Georgia àti South Carolina ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Gullah tàbí Geechee, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kún inú èdè wọn. Ó ní ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, ará Amẹ́ríkà, Lorenzo Dow Turner, tẹ ìwé jáde lórí èdè náà ní 1949, ó sì wá sí Nàìjíríà ní 1951 láti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ èdè wa níbí.

Bí mo ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ènìyàn yìí ni mo rí ìwé àlọ́ wọn kan tí a tẹ̀ ní 1888. Nínú ìwé náà, Ehoro ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó ń yan Ìkookò jẹ, títí ère tí a fi ọ̀dà kùn fi lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ère alátè ṣe mú Ìjàpá nínú oko olóko ní àlọ́ tiwa. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo orúkọ ẹni tí ó kó àlọ́ náà jọ, mo rí i pé òyìnbó ni, Charles Colcock Jones ọmọ. Mo bi ara mi léèrè ibi tí òyìnbó ti jókòó gbọ́ àlọ́ tó báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: oko bàbá rẹ̀ ni. Ẹrú bàbá rẹ̀ ni ó pa á fún un ní kékeré. Báyìí ni mo ṣe kúrò lẹ́yìn Ehoro, tí mo bọ́ sí ẹ̀yìn bàbá.

Àwọn ìdílé Jones kò fi lẹ́tà ṣeré rárá. Bí bàbá bá wà lóko, tí ọmọ wà ní ìlú Savannah, tí ọmọ kejì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lẹ́tà ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ara wọn mọ bí ilé ti jí. Wọ́n sọ ti òjò, wọ́n sọ ti ibà, wọ́n sọ ti iye tí òwú ń tà, wọ́n sọ ti ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Wọn kò sì da ọ̀kan nù. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Tulane ní New Orleans àti ní Yunifásítì Georgia. Ní 1972, Robert Manson Myers kó nǹkan bí ẹgbẹ̀fà (1,200) lára lẹ́tà ọdún 1854 sí 1868 jáde nínú ìwé kan tí ó sọ ní The Children of Pride. Ìwé náà lé ní 1,800 ojú-ìwé. Ìwé yẹn ni ó jẹ́ kí n mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

A bí Charles Colcock Jones ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1804, ní Liberty County, ní etíkun Georgia. Bí a bá túmọ̀ orúkọ àgbègbè náà, Òmìnira ni. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn tí ń gbé inú Òmìnira yìí, ẹrú ni ó pọ̀ jù. Àwọn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ gbin ìrẹsì, àwọn ni wọ́n ń ká òwú. Jones kò mọ bàbá rẹ̀, nítorí ọmọ ọwọ́ ni ó wà nígbà tí bàbá náà kú níbi tí ó ti lọ ṣọdẹ. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1810. Joseph Jones, arákùnrin bàbá rẹ̀, àti àwọn ẹbí mìíràn ni ó tọ́ ọmọ òrukàn yìí. Nígbà tí ó gọ́njú díẹ̀, wọ́n rán an lọ sí Savannah láti máa ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi di ọmọ ìjọ Midway, ìjọ àtayébáyé tí àwọn olóko àti àwọn ẹrú wọn jọ ń lọ. Ilé ìjọsìn tí wọ́n kọ́ ní 1792 ṣì dúró níbẹ̀ di òní.

Iṣẹ́ Ọlọ́run wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbéra lọ sí ìhà àríwá láti kọ́ṣẹ́ àlùfáà, ní Andover ní Massachusetts, lẹ́yìn náà ní Princeton ní New Jersey. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ dàrú. Ní àríwá ó ń gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí nílé, pé ènìyàn kò yẹ kí ó jẹ́ ohun ìní ènìyàn. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí Mary Jones, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọmọ Joseph Jones ni Mary í ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa èèwọ̀ ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Nínú àwọn lẹ́tà 1829 àti 1830 wọ̀nyí, ó jẹ́wọ́ fún un pé ìwà ìkà ni ẹrú níní, pé ó lòdì sí òfin Ọlọ́run, àti pé òun kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun máa ní ẹrú lọ. Kì í ṣe ọ̀tá àwọn olóko ni ó kọ èyí o. Ọmọ wọn ni, tí ogún ẹrú ń dúró dè nílé.

Mo ka àwọn lẹ́tà náà bí ẹni tí ń wo ènìyàn ní oríta. Mo ń retí pé yóò ya sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ilé ń pè é. Ojú ilé, òórùn òkun, àwọn ẹbí, Mary, gbogbo wọn wà ní Liberty County. Ó wá rí ọ̀nà kan tí ó dà bí ẹni pé ó wà láàrin. Ó ní a kò lè fòpin sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí òun padà sílé, kí òun máa kọ́ àwọn ẹrú ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó ní bí ẹrú bá gba Jésù, tí olówó rẹ̀ náà sì bẹ̀rù Ọlọ́run, ìyà yóò dínkù, ayé yóò sì dára díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1830, ó gbé Mary níyàwó. Ó ṣe pásítọ̀ ìjọ Presbyterian kan ní Savannah fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí oko láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìsinmi dé ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń gun ẹṣin láti ibùdó ìwàásù kan dé èkejì, nínú òjò, nínú ẹ̀fọn. Òfin Georgia ti 1829 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Nítorí náà Jones ṣe kátíkísìmù tí wọn yóò máa fi ẹnu kọ́. Òun yóò bi ìbéèrè, wọn yóò dáhùn, wọn yóò tún un sọ títí yóò fi mọ́ wọn lórí. Wọ́n lo ìwé yìí jìnnà sí Liberty County. Ní 1842 ó tẹ ìwé ńlá mìíràn jáde lórí ìtọ́ni àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ẹ̀sìn ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn olóko sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní àpọ́sítélì àwọn ẹrú. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ kátíkísìmù ní kékeré bíi tèmi yóò mọ bí nǹkan náà ti ń wọni lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé nínú kátíkísìmù tirẹ̀, a kọ́ ẹrú pé kí ó gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu, kí ó má sì ṣe sá lọ.

Ní 1833, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti là á lójú. Ó ń wàásù fún àwọn ẹrú láti inú ìwé Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì. Ẹ rántí ìtàn Onésímù, ẹrú tí ó sá, tí Pọ́ọ̀lù dá padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Jones fi ìtàn náà kìlọ̀ fún wọn pé sísá lọ kò dára. Ìdajì àwọn olùgbọ́ dìde lójú rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn tí ó kù kò dákẹ́. Àwọn kan sọ pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì, àwọn mìíràn ní ìwàásù yẹn kì í ṣe Ìhìn Rere, àwọn mìíràn sì ní àwọn kò ní wá gbọ́ ọ mọ́. Jones fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìròyìn yìí sílẹ̀, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ó gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Mo gbà pé olóòótọ́ ni ẹni tí ó kọ irú nǹkan báyìí nípa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò kọ́ ní ìwé ni wọ́n mọ ìwé kà jù ní ọjọ́ náà.

Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà ní ilé-ẹ̀kọ́ Columbia ní South Carolina ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni iná ti jó ilé rẹ̀ ní 1850, tí ó sì jó àwọn ìwé tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ. Ní ọdún yẹn kan náà ó lọ sí Philadelphia láti ṣe àbójútó iṣẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ wọn nínú ilé. Ní àkókò tí ó fi wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i láti oko ní orúkọ Cato, olórí òṣìṣẹ́ láàrin àwọn ẹrú, tí ó ń jábọ̀ fún un bí irúgbìn ti ń ṣe àti bí ara àwọn ènìyàn ti rí. Ní 1853 àìsàn kan tí ń mú kí iṣan ara máa kú díẹ̀díẹ̀ dá a padà sílé. Oko mẹ́ta ni ó ní nígbà náà: Montevideo létí odò, Arcadia, àti Maybank ní erékùṣù, níbi tí wọ́n ti ń gba atẹ́gùn ní àkókò ooru kí ibà má baà mú wọn. Ẹrú tí ó wà nínú oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mẹ́ta ni òun àti Mary bí tí wọ́n yè: Charles agbẹjọ́rò, tí ó di olórí ìlú Savannah ní 1860, Joseph oníṣègùn, àti Mary Sharpe, tí ó fẹ́ àlùfáà.

Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kà, ti ọdún 1856 àti 1857 ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọbìnrin kan, Jane, sá kúrò lóko. Ó lọ sí Savannah, ó pe ara rẹ̀ ní Sarah, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Wọ́n rí i mú. Bàbá àti Charles ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà síra wọn lórí ohun tí wọn yóò ṣe. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò tà á, kì í ṣe òun nìkan, bí kò ṣe pẹ̀lú Phoebe ìyá rẹ̀, àti Cassius ọkọ Phoebe, àti àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Oníwàásù wa ní àánú díẹ̀ níbẹ̀: ó ní kí a má ṣe tú wọn ká, kí ẹni tí yóò rà wọ́n ra gbogbo wọn pa pọ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tí yóò fi wọ́n sí oko ara rẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti ń sọ̀rọ̀ owó, tí ó sì ń kí ọmọ rẹ̀ ní orúkọ Olúwa. Oníbàárà kan dé, ó ṣèlérí, ó sanwó. Ìlérí náà kò dé ibì kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1857 wọ́n kó Phoebe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Savannah lọ sí New Orleans, ọjà ẹrú tí ó tóbi jù ní ìhà gúúsù.

Láti ibẹ̀ ni lẹ́tà kan ti wọlé ní oṣù kẹta. Láti ọ̀dọ̀ Phoebe àti Cassius ni. Lẹ́tà náà kò gùn, ó sì dún létí bí ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ẹni pé wọ́n ń sọ, tí ẹnìkan ń kọ. Wọ́n ní kí a bá àwọn kí Clarissa àti Nancy, àwọn ọmọ Phoebe tí ó kù lẹ́yìn, kí a kí wọn dáadáa. Wọ́n ní kí a sọ fún wọn pé Jane, ẹni tí ó sá, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, àwọn dókítà kò sì fẹnu kò lórí àìsàn tí ó pa á. Wọ́n ní kèéta ni a fi ta àwọn, ṣùgbọ́n àwọn gbà pé yóò di ire. Wọ́n sì ní kí a sọ fún Cato pé oúnjẹ tí àwọn ń dà nù níbi tí àwọn wà yìí tó láti bọ́ oko tí òun wà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ òkò ọ̀rọ̀ bí ẹ bá rí i.

Lẹ́tà yìí rán mi létí ẹ̀ṣẹ̀ mi kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni akọ̀wé ìyá ìyá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Kánò, oṣooṣù ni mo sì ń bá a kọ lẹ́tà sí i. Ìyá àgbà yóò jókòó lórí àpótí, yóò ní kí n kí ọmọ òun, kí n kí ìyàwó rẹ̀, kí n kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì wọn, kí n kí aládùúgbò tí ó bá wọn gbé ẹrù lọ́jọ́ sí. Ọwọ́ á ro mí. Bọ́ọ̀lù á máa pè mí níta. Èmi á kọ ọ́ pé ìyá kí gbogbo yín, èmi á sì pa bébà pọ̀. Nígbà tí ó bá ní kí n ka ohun tí mo kọ, màá ka gbogbo orúkọ tí n kò kọ síbẹ̀ sókè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo ń kọ, pé kíkí kò já mọ́ nǹkan. Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà Phoebe ni ó tó yé mi pé kíkí yẹn gan-an ni lẹ́tà. Ìyá tí a tà, tí ó sin ọmọ kan ní ìlú àjèjì, kò ní ohun mìíràn tí ó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó kù ju orúkọ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn bàbá. Nígbà tí ìhà gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní 1861, Jones wà lẹ́yìn àwọn tí ó yà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sọ ní 1829 pé ìwà ìkà ni, ó ti di àgbà tí ó gbà pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn àwọn tí ń jà nítorí rẹ̀. Ó kú ní Arcadia ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1863, wọ́n sì sin ín sí Midway. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1864, àwọn ọmọ-ogun Sherman ya wọ Montevideo, wọ́n kó oúnjẹ, wọ́n kó ẹran ọ̀sìn. Mary àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà nínú oyún, tì ara wọn mọ́lé. Ní oṣù kìíní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó bí ọmọ náà láàrin rògbòdìyàn ọ̀hún. Mary kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ogun parí, àwọn ẹrú di òmìnira, púpọ̀ nínú wọn sì bá tiwọn lọ. Ìyá náà gbìyànjú láti máa fi òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó fún ro oko, kò ṣeé ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1868 ó fi ilé sílẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní New Orleans, ó sì kú síbẹ̀ ní 1869. Ọdún mọ́kànlá gééré ni ó wà láàrin ìgbà tí wọ́n kó Phoebe lọ sí ìlú náà àti ìgbà tí Mary forí lé e. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Mary fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó sì bá ọmọ níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a má ṣe fi ojú òní wo ènìyàn àná. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ti Jones mu, nítorí ojú àná ti rí i. Ojú tirẹ̀ gan-an ti rí i ní Princeton, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ tún rán an létí ní 1833. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn aya àti ọmọ, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó tọ́jú aláìsàn. Ohun tí ó ṣe é ni pé ó mọ òtítọ́, ó sì wá ọ̀nà tí yóò fi máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìṣe é. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Olúkúlùkù wa ní tirẹ̀. Mo ní tèmi.

Àwọn Jones kó lẹ́tà wọn pamọ́ kí ìran tí ń bọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn rere ni wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń tọ́jú Phoebe náà pa mọ́. Ní 2005, òpìtàn kan, Erskine Clarke, fi àwọn ìwé yìí kan náà kọ ìtàn àwọn òyìnbó àti àwọn ẹrú inú oko náà pa pọ̀ nínú ìwé tí ó pè ní Dwelling Place, Phoebe àti Cassius sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá délé ní àkókò ìsinmi yìí, ẹ béèrè àpótí ìwé àwọn bàbá yín kí wọ́n tó fi dá iná. Ẹ kà á. Ẹ wo ẹni tí ó kọ ọ́, kí ẹ sì wo ẹni tí a kàn dárúkọ níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sì ní kí ẹ bá òun fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbogbo orúkọ náà.